Ìlà tí kọ̀ǹpútà fà sórí àwòrán ọkàn

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Inú wa dùn pé kọ̀ǹpútà ti ń bá àwọn dókítà wọn ọkàn lórí àwòrán MRI, ìyẹn àwòrán inú ara tí ẹ̀rọ olóòfà ńlá ń yà. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún un nìkan.

Ẹ̀rọ á ya àwòrán ọkàn ní abala pẹlẹbẹ, láti ẹ̀gbẹ́ fáàfù (ilẹ̀kùn ẹ̀jẹ̀ tó wà láàárín yàrá òkè àti yàrá ìsàlẹ̀) dé ṣóńṣó ọkàn. Kọ̀ǹpútà á fa ìlà yí inú yàrá ìsàlẹ̀ apá òsì ká lórí abala kọ̀ọ̀kan, á sì ṣírò ẹ̀jẹ̀ tí yàrá náà gbà. Bí ó bá gba mílílítà 150 nígbà tó kún, tó ku 60 nígbà tó fún pọ̀ tán, ìdá 60 nínú 100 ló tú jáde.

Abala ẹ̀gbẹ́ fáàfù ló ń dà á láàmú jù. Bí ọkàn ṣe ń fún pọ̀, fáàfù á sún sí ìhà ṣóńṣó, ohun tó jẹ́ yàrá ìsàlẹ̀ lórí abala yẹn á wá di yàrá òkè. Bí kọ̀ǹpútà bá ṣì fa ìlà síbẹ̀, abala kan ṣoṣo lè fi mílílítà 15 kún un: 60 di 75, ìdá 60 já sí 50. Ara aláìsàn kò yí padà rárá o, ìlà kan ló ṣì!

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó ń ka àwòrán fi èyí tí wọ́n yà lóòró ọkàn yẹ abala náà wò kó tó bu ọwọ́ lu èsì. Kó sì kọ ọ́ bóyá ó ka àwọn iṣan kéékèèké inú yàrá mọ́ ẹ̀jẹ̀.