Lẹ́tà ìparí sáà kejì sí ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́: Ọ̀rọ̀ mákúrì tó jáde ní láàbù wa

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọmọ títọ́, ẹ sì kú ìnáwó sáà yìí. Àwọn ọmọ ń bọ̀ nílé fún ìsinmi Àjíǹde, èsì ìdánwò oníkálukú sì wà nínú àpò ìwé rẹ̀. Ọjọ́ ìwọlé, owó sáà kẹta àti ètò WAEC fún àwọn SS3 wà nínú ìwé kejì tí a fi mọ́ èyí. Mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí wọn níbí, torí ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, tẹmómítà kan fọ́ ní láàbù fisíìsì nígbà tí àwọn SS2 ń wo bí omi gbígbóná ṣe ń tutù. Tẹmómítà àtijọ́ ni, irú èyí tí mákúrì wà nínú rẹ̀, nǹkan olómi tó ń dán bíi fàdákà tí kì í sì í rin ọwọ́. Ọmọ tó fọ́ ọ kò wí fún tíṣà. Ó di àfọ́ rẹ̀ sínú bébà, ó sọ ọ́ nù. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ṣa mákúrì tó ń yí gbirigbiri lórí tábìlì sínú ìdérí báírò. Odidi ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n fi ń gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́ nínú kíláàsì, tí àwa àgbà kò mọ nǹkan kan. Ọ̀kan nínú wọn mú díẹ̀ lọ sílé, ó sì fi pa òrùka wúrà ìyá rẹ̀ kó lè dán sí i. Òrùka náà di funfun. Ìyá ọmọ náà ló gbé e wá bá mi ní ọ́fíìsì, tó bi mí pé kí ni wọ́n ń kọ́ ọmọ òun níbí. Ọlọ́run ló fi ìyá náà ṣe àánú fún wa.

Mo pe ọmọ tó fọ́ tẹmómítà, mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó bú sẹ́kún. Ó ní, “Mà, wọ́n á ní kí n rà á padà, bàbá mi ò sì tíì san owó ilé-ẹ̀kọ́ tán.” Òfin tó ń bà á lẹ́rù yìí, èmi ni mo fọwọ́ sí i: ẹni tó bá fọ́ ohun èlò láàbù gbọ́dọ̀ rà á kí sáà tó parí. Mo rò pé àwọn ọmọ á tìtorí rẹ̀ máa ṣọ́ra. Àfọ́ ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ fi pamọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn nílé pé mo ti fagi lé òfin náà. Kò sí ọmọ tí yóò san kọ́bọ̀ lórí ohun tó bá ṣèèṣì fọ́. Kó ṣáà ti ké sí tíṣà lójú ẹsẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á ní, ṣebí àwa náà fi mákúrì ṣeré láyé ìgbà tiwa. Òótọ́ ni, èmi náà yí i lọ́wọ́ rí. Irin ni, àmọ́ irin tí kì í dì àyàfi tí òtútù bá lọ sí ìsàlẹ̀ òdo ní nǹkan bí ìwọ̀n 39 lórí Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì. Ó sì wúwo kọjá àfẹnusọ: omi tó kún ìgò lítà kan jẹ́ kílò kan, ṣùgbọ́n mákúrì inú ìgò kan náà á tó kílò 13 àti ààbọ̀. Dídán yẹn àti wíwúwo yẹn ló ń fa ọmọdé. Imú ni ewu rẹ̀ ń gbà wọlé. Bí omi inú àwo ṣe ń gbẹ díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹni tó mu ún ni mákúrì ṣe ń di oru, ojú kì í rí oru náà, imú kì í sì í gbóòórùn rẹ̀. Nínú èyí tí èèyàn bá mí símú, ẹ̀dọ̀fóró á gba nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀jẹ̀ á sì gbé e dé ọpọlọ àti kíndìnrín. Bó bá pẹ́ lára, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, oorun á dá, èrìgì á wú, ọmọ tó ń ṣe dáadáa tẹ́lẹ̀ á máa gbàgbé nǹkan, á sì máa kanra láìnídìí. Bí yàrá bá ṣe gbóná tó ni oru yẹn ṣe ń pọ̀ tó, ẹ sì mọ bí ooru ṣe ń mú lásìkò yìí. Ó lè gba ara aláboyún dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú.

A ti gbé àwọn ọmọ tó fọwọ́ kan án lọ sí ọsibítù. Dókítà yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n sì gba ìtọ̀ wọn fún àyẹ̀wò. Kò sí àmì àìsàn kankan lára wọn títí di òní, a dúpẹ́. Mo ti bá òbí wọn sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí tíṣà kẹ́mísírì wa ṣe palẹ̀ rẹ̀ mọ́ nìyí, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ máa ṣe bí tẹmómítà ibà bá fọ́ nílé. Ó kó gbogbo ọmọ jáde, ó ṣí fèrèsé, ó pa fáànù. Ó bọ́ òrùka àti ṣéènì rẹ̀, torí mákúrì a máa jẹ wúrà. Ó pa iná, ó na tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ gbọọrọ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè máa gba orí ilẹ̀ lọ, gbogbo ẹyin mákúrì sì ń kọ mànà, títí kan àwọn tó kéré bí orí abẹ́rẹ́. Ó fi bébà líle méjì dà wọ́n pọ̀, ó fi ohun tí wọ́n fi ń kán oògùn sójú fà wọ́n sínú ìgò tí omi díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó sì dé e pa. Èyí tó wọ inú ìlà sìmẹ́ǹtì, ìyẹ̀fun imí ọjọ́ ló bù sí i, torí imí ọjọ́ a máa so pọ̀ mọ́ mákúrì tí kò fi ní lè di oru mọ́.

Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a o. Ìgbálẹ̀ á fọ́ ẹyin kan di ọgọ́rùn-ún. Ẹ má dà á sí ojú omi, ẹ má sì jó o mọ́ ìdọ̀tí. Aṣọ tó bá ta sí, ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ má fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ òmíràn. Bí ọmọ bá gbé e mì, ẹ má fún un ní epo pupa mu, ẹ má sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì. Ìwọ̀nba mákúrì olómi tó bá gba ẹnu wọlé kì í sábà wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó máa bá ìgbẹ́ jáde, ṣùgbọ́n àfọ́ dígí lè gé e nínú. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, kí ẹ sì sọ pé mákúrì ni.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó kan agbègbè wa ní Ìjẹ̀ṣà níbí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà sọ fún mi pé òun ń tọ́jú tòun ni, torí òun gbọ́ pé àwọn tó ń wa wúrà máa ń ra mákúrì. Ara mi bù máṣọ. Ẹ̀yin tí ẹbí yín wà nídìí iṣẹ́ yìí mọ̀ pé wọ́n máa ń pò ó mọ́ iyẹ̀pẹ̀ wúrà, wọ́n á wá fi iná sun ún kó lè ku wúrà nìkan. Ibi sísun yẹn ni gbogbo mákúrì ti ń di oru. Irú iṣẹ́ ìwakùsà kéékèèké bẹ́ẹ̀ ló ń tú mákúrì sáfẹ́fẹ́ jù lọ láyé. Kì í sì í parun: ó ń padà bọ́ sínú odò, ó ń yí padà di irú tó ń wọ ara ẹja. Láti ara ẹja ni irú yìí ti ba ọ̀pọ̀ ayé jẹ́ ní ìlú Minamata ní Japan, nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan ń da ìdọ̀tí rẹ̀ sínú òkun, ọdún 1956 ni wọ́n sì kọ́kọ́ kéde àìsàn náà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sun ún ní ilé ìdáná tàbí ní àgbàlá tí ọmọdé wà.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ tún wo ìpara àti ọṣẹ tí àwọn ọmọbìnrin yín fi ń bóra. Mákúrì wà nínú àwọn kan, NAFDAC sì ti fòfin de irú rẹ̀.

Àdéhùn àgbáyé tí wọ́n fi orúkọ Minamata sọ, tí wọ́n ṣe ní 2013, tí Nàìjíríà náà sì fọwọ́ sí, ti ní kí wọ́n dẹ́kun ṣíṣe tẹmómítà mákúrì láti 2020. Tiwa ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ṣáájú ìgbà náà, ó sì yẹ kí n ti kó wọn kúrò tipẹ́. Mo tọrọ àforíjì. A ti kó gbogbo wọn jọ, pẹ̀lú àwọn ohun èlò mìíràn tí mákúrì wà nínú wọn: baromítà kan tí a fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́, àti àwọn ọ̀pá dígí tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní òfin Boyle nípa afẹ́fẹ́, a sì tì wọ́n mọ́ inú àpótí títí ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó àyíká yóò fi wá kó wọn. Tẹmómítà olótí pupa ni àwọn ọmọ yóò máa lò láti sáà kẹta, ó sì tó fún gbogbo iṣẹ́ WAEC.

Ṣáájú kí ìsinmi tó jìnnà, ẹ bá mi yẹ àpò ìwé, àpótí àti abẹ́ ibùsùn àwọn ọmọ wò. Bí ẹ bá rí ohunkóhun tó dán bẹ́ẹ̀, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò oníke tó ní ìdérí, ẹ gbé e wá. Tíṣà kẹ́mísírì àti èmi yóò wà ní ọ́fíìsì láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí aago kan ọ̀sán. A kò ní bi ọmọ kankan léèrè, a kò ní nà án.

Òrùka yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ mi nínú ìgò tí a dé. Ìyá náà fẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà kó bá a yọ́ ọ níná, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi sílẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò ra òmíràn fún un.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ọmọ títọ́,

Ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́