Lẹ́tà sí Bàbá Ìbejì lórí kílọ́ọ̀ṣì alùpùpù rẹ̀

Abẹ́òkúta

Bàbá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú òtútù o. Ìyá Ìbejì ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Dáadáa làwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ kílọ́ọ̀ṣì alùpùpù rẹ, ìyẹn ohun tó ń so agbára ẹ́ńjìnnì mọ́ táyà tó sì ń tú u, ni mo fẹ́ bá ọ sọ, mi ò sì ní fi nǹkan kan pamọ́, torí ọwọ́ mi lo fi í sí kí o tó lọ sí Kánádà.

Mo gbé ìyàwó mi àti ìdì àdìrẹ méjì láti Ìtókù. Bí a ṣe rékọjá afárá Láfẹnwá tí ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, mo fún un ní iná, ẹ́ńjìnnì han gooro, ṣùgbọ́n ìrìn wa kò yá sí i. Ariwo ń pọ̀, eré ò pọ̀. Kò pẹ́ tí òórùn nǹkan tó ń jóná fi gba imú wa. Ìyàwó mi bọ́ sílẹ̀, ó gbẹ́rù rẹ̀ karí, èmi sì ń ti maṣíìnì.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ tí a bá lọ́nà kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì tó fi ní pléètì, àwọn pélébé tó ń dì mọ́ra nínú kílọ́ọ̀ṣì, ló ti tán, kí n lọ mówó wá. Inú bí mi. Bóyá òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n kò yẹ aláìsàn wò kó tó máa pe orúkọ àrùn. Mo tì í délé.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá ẹ̀gbọ́n kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi mi ni pé: “Ṣé ó ń yọ̀ ni, àbí kì í fẹ́ tú sílẹ̀?” Ó ní àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Èyí tó ń yọ̀, àwọn pléètì rẹ̀ kò dì mọ́ra, òun ló fi máa ń pariwo láìsáré, orí òkè lo sì ti máa tètè mọ̀ ọ́n. Èyí tí kì í tú sílẹ̀, wàá fa kílọ́ọ̀ṣì tán, wàá tẹ jíà kìíní, maṣíìnì á ta ọ́ síwájú bí ewúrẹ́ tó já okùn; wàá wá fíríì, ibi tí kò sí jíà kankan, títí nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, o ò ní rí i, àfi tí o bá pa á. Tìrẹ ń yọ̀.

Ara wáyà ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó fi ìka kan mi ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì, ó ní kí èmi náà mì í. Ó le gbandi. Ó yẹ kí ó fi bíi mìlímítà 2 sí 3 mì ní ìdí rẹ̀ kí wáyà tó fà, ìyẹn á tó mìlímítà 10 sí 20 ní ṣóńṣó ibi tí ìka ń dì mú. Tí kò bá ti sí àyè yẹn, ńṣe ló dà bí ẹni pé ẹnìkan ń fa kílọ́ọ̀ṣì náà díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ó tún jẹ́ kó yé mi pé bí pléètì bá ṣe ń jẹ lọ ni àyè náà máa ń dínkù, nítorí náà wáyà tó le fúnra rẹ̀ lè jẹ́ àmì. Ó tú nọ́ọ̀tì, ó dá àyè náà padà, mo gùn ún lọ sókè. Ó ṣì ń yọ̀, àmọ́ kò tó tàná.

Ó wá bi mí irú ọ́ìlì tí mo rọ sí i. Bàbá Ìbejì, ibí yìí ni ẹ̀bi mi wà. Ọ́ìlì mọ́tò ni mo rà. Inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kan náà ni kílọ́ọ̀ṣì alùpùpù rẹ ń gbé, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn ọ́ìlì mọ́tò kan ní èròjà tí ń mú kí irin yọ̀ geere lára irin kí epo má baà tètè tán. Ohun tó dára fún mọ́tò yẹn ni kò jẹ́ kí pléètì dì mọ́ra. Ara ike ọ́ìlì ló yẹ kí n ti wo JASO MA tàbí MA2, àmì ọ́ìlì tó bá irú kílọ́ọ̀ṣì alùpùpù yìí mu. MB, àmì ọ́ìlì tó máa ń yọ̀ jù, kì í ṣe tiwa. Jọ̀ọ́, má bínú sí mi.

Lẹ́yìn tó rọ ọ́ìlì dànù ló tó ṣí i, mo sì jókòó tì í. Àwọn pléètì tó ní ohun tí ń di irin mú lára ti dúdú, wọ́n ń rùn. Ó to àwọn irin pélébé jáde, ó gbé wọn lé gíláàsì fèrèsé níkọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka tẹ etí wọn. Méjì ń mì tíkítíkí: iná ti ká wọn. Ó fi èékánná ra inú agbọ̀n tí pléètì ń jókòó sí, kò rí ibi tó jìn, ìyẹn ò ní wàhálà. Ó gbé sípíríǹgì àtijọ́ kan ti tuntun, ti àtijọ́ kúrú. Gbogbo sípíríǹgì la pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí bí ọ̀kan bá le ju èkejì lọ, pléètì kò ní dì dọ́gba. Ó rẹ àwọn pléètì tuntun sínú ọ́ìlì mọ́jú kó tó tò wọ́n.

Owó ara mi ni mo fi ṣe é, má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Lánàá mo tún gbé ìyàwó mi àti ẹrù rẹ̀ kọjá afárá yẹn, jíà kẹta ló fi gun òkè náà, ohùn rẹ̀ sì ń bá eré rẹ̀ lọ. Mo ti fi àwọn pléètì àtijọ́ pamọ́ sínú ike lẹ́bàá ìlẹ̀kùn, kí o lè fojú ara rẹ rí wọn nígbà tí o bá wálé.

Bá mi kí Ìyá Ìbejì.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ