Ẹni tó bá fẹ́ tajà lórí fóònù, kó ya fọ́tò ọjà tiẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń tajà lórí WhatsApp àti Facebook ni mo fẹ́ sọ, àwọn tó jẹ́ pé fọ́tò ẹlòmíì ni wọ́n fi ń polówó, tí wọn ò tọrọ, tí wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti wá pọ̀ jù, pàápàá fún àwa tí à ń ránṣọ, àwọn tó ń wé gèlè, àwọn tó ń ṣe kéèkì. Ẹ̀ ẹ́ fi òru parí iṣẹ́, ẹ̀ ẹ́ gbé e síta láàárọ̀, kílẹ̀ tó ṣú ó ti dé ojú ìwé ẹni tẹ́ ẹ ò mọ̀ rí, wọ́n ti kọ iye owó sí i, orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀, wọ́n ti gé e dànù tàbí kí wọ́n fi sítíkà òdòdó bò ó.

Télọ̀ ni mí, Sábó níbí nílùú Iléṣà ni mo wà. Èyí tó dùn mí jù ni ti kọ́sítọ́mà mi kan, ìyá àgbà tí mo rán léèsì fún láti fi lọ síbi Ìwúde, ọdún ìbílẹ̀ àwa Ìjẹ̀ṣà. Oní-fọ́tò yà wọ́n, aṣọ yẹn yẹ wọ́n gan-an, wọ́n gbà kí n gbé e sórí Facebook mi, oní-fọ́tò náà gbà. Kò pẹ́ tí ọmọ wọn fi pè láti Ìbàdàn pé ṣé Mọ́mì ti bẹ̀rẹ̀ òwò aṣọ ni, torí ẹnì kan ń fi fọ́tò wọn ta ìró àti bùbá, ó ní aṣọ tí Mọ́mì wọ̀ yẹn gan-an ló wà lọ́wọ́ òun, kí kálukú sọ size ẹ̀, iye tó sì kọ síbẹ̀ ò tó owó léèsì lásán ká má tíì sọ owó ìránṣọ. Àwọn tó sanwó gba nǹkan wúruwùru, wọ́n wá tọpa fọ́tò yẹn dé ọ̀dọ̀ mi, ọ̀kan kọ ọ́ sábẹ́ ìwé mi pé gbájú-ẹ̀ ni mí. Èmi tí mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀! Ìyá yẹn náà, ní ọjọ́ orí wọn, ẹni tí wọn ò mọ̀ rí ń fi ojú wọn pa irọ́.

Nígbà tí mo kọ̀wé sí ẹni tó ń tà á, ó ní orí íntánẹ́ẹ̀tì lòun ti rí i, ohun tó bá ti wà níbẹ̀ ti gbogbo ayé ni. Irọ́ ni o. Òfin Copyright ti 2022, òfin tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣe iṣẹ́ ọwọ́ tàbí ọpọlọ, èyí tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹta 2023, ka fọ́tò mọ́ ohun tó ní olóhun, ẹni tó yà á ló ni ín àfi tí wọ́n bá jọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹlòmíì ló ni ín. Bó ṣe wà nìyẹn fún èmi tí mo rán aṣọ pàápàá, ìdí tí mo fi béèrè lọ́wọ́ oní-fọ́tò nìyẹn. Àwọn míì á kọ "credit to owner" sábẹ́ ẹ̀, ìyẹn ni pé ọpẹ́ ni fún ẹni tó ni ín, wọ́n á rò pé ó ti parí. Ta ni owner yẹn, ṣé wọ́n bi í? Ti ojú èèyàn tún yàtọ̀, òfin Data Protection ti 2023, èyí tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa èèyàn, ò fẹ́ kéèyàn kàn máa fi ojú ẹlòmíì ṣòwò láìgbàṣẹ.

Mi ò sọ pé gbogbo wọn ni olè. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tó ń polówó lórí státọ́ọ̀sì, ọ̀gá kan ní Èkó ló ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n á fi èrè tiwọn lé e, wọ́n á gbé e síta. Tó bá jẹ́ ọ̀gá yẹn ló ni ọjà tó sì ní kí wọ́n lò ó, mi ò níjà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n bi í, ta ló ya fọ́tò yìí, ṣé ọjà yẹn wà nílẹ̀, nítorí ọjọ́ tí kọ́sítọ́mà bá pariwo, àwọn tó wà nílùú níbí ni wọ́n máa dì mú, kì í ṣe ọ̀gá Èkó.

Ìlú òwò nìlú wa. Gbogbo Yorùbá ló mọ Òṣómàálò, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé aṣọ láwìn kiri, tí wọ́n á padà wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí wọ́n á fi gbowó wọn. Wọ́n le lóòótọ́, àmọ́ aṣọ tí wọ́n bá fi hàn ẹ́ náà ni wàá gbé relé, o ti fọwọ́ kàn án, o ti tẹ́ ẹ wò nínú oòrùn. Lórí fóònù, fọ́tò yẹn nìkan lẹni tó ń rà á ní, tí fọ́tò bá ti jẹ́ ti ẹlòmíì, kò sí nǹkan kan tó rí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rà, ẹ ní kí wọ́n ṣe fídíò ọjà yẹn báyìí-báyìí, kí wọ́n pe orúkọ yín sínú ẹ̀. Ẹni tó ní in lọ́wọ́ á ṣe é. Tí fọ́tò bá ti ṣú bàìbàì torí wọ́n ti fi ránṣẹ́ kiri jù, tàbí tí sítíkà bo igun kan, ẹ fura, ẹ fi Google Lens, èyí tó ń fi fọ́tò wá fọ́tò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wá ibi tó ti wá. Ẹni tí wọ́n bá sì mú fọ́tò tiẹ̀, kó tètè ṣe screenshot pẹ̀lú nọ́ńbà ẹni yẹn, státọ́ọ̀sì ò ju wákàtí 24 lọ tó fi ń pòórá. Facebook àti Instagram ní ibi téèyàn ti lè fẹjọ́ sùn kí wọ́n yọ ọ́.

Olóòtú, mo bẹ̀ yín, ẹ bá wa pe ẹnì kan láti Nigerian Copyright Commission, àjọ ìjọba tó ń mójú tó òfin Copyright, kó wá ṣàlàyé òfin yìí ní Yorùbá nínú ìwé yín, torí àwọn tọ́rọ̀ kàn, púpọ̀ wọn ò lè ka ìwé òfin. Àwọn ìwé ìròyìn kan pẹ̀lú, ẹ bá wa sọ fún wọn pé "fọ́tò láti orí íntánẹ́ẹ̀tì" tí wọ́n máa ń kọ sábẹ́ fọ́tò yẹn ò dáa. Ní tèmi, ẹni tó bá wù láti lo fọ́tò aṣọ tí mo rán, kó pè mí, màá bá oní-fọ́tò àti ẹni tó wọ̀ ọ́ sọ̀rọ̀, tí wọ́n bá gbà, màá fún un lọ́fẹ̀ẹ́, kó ṣáà fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ níbi tó wà.

Èmi ni tiyín,
Télọ̀ kan ní Sábó, Iléṣà