Ilé kàrátè wa ní Òkè-Baálẹ̀: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí òjò ọdún yìí tún bá a láìlórùlé

Ẹ̀yin ọmọ Òròkí, Òṣogbo wa, nílé lóko, ẹ̀yin sensei tí ẹ ń kọ́ni, ẹ̀yin sempai tí ẹ ṣáájú nínú ẹ̀kọ́, ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń bá wa wọ aṣọ funfun, a kí yín o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àjò, ẹ kú ọjà tó le yìí. Osu, bí àwa oníkàrátè ṣe ń kíra wa!

A ò ní máa pìtàn ilé náà fún yín mọ́, gbogbo wa la mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa la wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a fi ìpìlẹ̀ ẹ̀ lélẹ̀ tí a jẹun tí a jó. Ohun tó gbé mi dìde lónìí ni pé látìgbà tó ti dé líńtẹ̀lì, líńtẹ̀lì náà ló ṣì wà. Mo lọ síbẹ̀ ní Sátidé tó kọjá. Ewédò ti bo ìsàlẹ̀ ògiri, ewúrẹ́ ilé kejì ti bímọ sínú yàrá tí a ní àwọn obìnrin á ti máa múra, irin tó yọ lórí òpó ti dípẹtà débi pé bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ìpẹtà náà á wà lọ́wọ́ yín títí ẹ ó fi délé. Mo dúró láàárín ilé, mo gbójú sókè, àwọsánmà ni mo rí. Ó dùn mí wọnú eegun.

Àmọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, ẹ jẹ́ n ròyìn àwọn èèyàn wa fún yín, torí ayọ̀ ò ṣeé pa mọ́ra. Nọ́ọ̀sì wa, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tó ń gbé Sábó, ti gba bẹ́líìtì dúdú o! Ọdún mẹ́sàn-án ló fi lé e, ó bímọ méjì láàárín ẹ̀, ọjọ́ mìíràn tó bá ti iṣẹ́ òru bọ̀ ilé kọ́ ló ń lọ, ọ̀dọ̀ wa ló ń gbà wá tòun ti yúnífọ́ọ̀mù. Télọ̀ wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun rán aṣọ kàrátè mẹ́rìnlá fún àwọn ọmọ tí òbí wọn ò lágbára, kò gba kọ́bọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn sempai wa yege nínú ìdánwò adájọ́, tí ẹ bá rí i nínú kóòtù búlúù yẹn ẹ ò ní mọ̀ pé òun lẹ jọ ń sáré gba Ìgbọ́nà kọjá láàárọ̀ kùtù. Ẹ bá wa kí gbogbo wọn kú oríire.

Àbúrò wa ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún náà gba ipò kẹta nínú kumite, ìjà ojúkojú, lọ́dún tó kọjá. Ipò kẹta dáa, a yọ̀, a gbé e sórí ọrùn, ṣùgbọ́n èmi tí mo bá a lọ, mo mọ̀ pé ọmọ yẹn ì bá gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti ń fi máàkì mẹ́rin sí méjì na ẹni tí wọ́n jọ ń jà, gyaku-zuki ẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀yìn, wọlé lẹ́ẹ̀mejì, mawashi-geri ẹ̀, ẹsẹ̀ tó fi gbá yípo, ba ẹ̀gbẹ́ ikùn gbàà, gbogbo èèyàn ń pariwo. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde kúrò nínú ààlà. Jogai ni wọ́n ń pe jíjáde bẹ́ẹ̀. Wọ́n kìlọ̀ fún un. Ó tún jáde, wọ́n tún kìlọ̀, ó tún jáde, títí ìkìlọ̀ fi kún tí adájọ́ ní ó ti tán. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé mítà mẹ́jọ sí mẹ́jọ ni pápá ìjà, ibo ni ọmọ yẹn ti fẹ́ mọ̀ ọ́n? Ní àgbàlá tí a ń yá lò yìí, igi máńgòrò ni ààlà lápá kan, ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni ààlà lápá kejì. Kò sí ìlà kankan nílẹ̀ tí ẹsẹ̀ ẹ̀ lè mọ̀. Nínú bọ́ọ̀sì tí a wọ̀ padà, ó gbé orí lé gíláàsì, ó ní, "Sensei, mi ò mọ̀ pé mo ti jáde." Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún un. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ̀ bá sọ fún un?

Ẹ tún jẹ́ n sọ ti ìdánwò bẹ́líìtì tí a ṣe nígbà òjò. Ọmọbìnrin kékeré kan, kò tíì pé ọdún mọ́kànlá, ìyá ẹ̀ ń ta ẹ̀kọ tútù lẹ́bàá Ọjà Ọba. Òun ló kàn láti ṣe Heian Shodan, ọ̀kan nínú kata, ìyẹn àwọn ìṣísẹ̀ tó tò tẹ̀lé ara wọn tí a máa ń dá ṣe láìbá ẹnikẹ́ni jà. Ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ fa ìlà sílẹ̀ níbi tó máa ti bẹ̀rẹ̀, ó tẹríba, ó pe orúkọ kata ẹ̀ sókè. Kò tíì ṣe ju márùn-ún lọ nínú ìṣísẹ̀ mọ́kànlélógún náà tí òjò fi dé, kì í ṣe òjò wẹliwẹli o, òjò tó ń dun páànù. Àwọn òbí sá wọ abẹ́ ìlé, àwa tí a ń fún wọn ní máàkì ń fi aṣọ bo ìwé. Ọmọ náà ò sá. Ó ṣe é lọ, ó ké kiai méjèèjì, igbe agbára inú kata náà, omi ń ṣàn lójú ẹ̀, ilẹ̀ ń yọ̀, nígbà tó sì parí ibi tó dúró ni ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ gan-an. Òjò ti fọ ìlà náà lọ, àmọ́ ibẹ̀ ló padà sí. Ó tún tẹríba. Sensei wa àgbà kọjú sẹ́yìn, ó ní òjò ló wọ òun lójú.

Ìyá ọmọ yẹn, kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, kò gba káàdì, kò ṣèlérí kankan. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ló ń fi ₦200 rán ọmọ ẹ̀ sí wa, ó ká a sínú ewé ìwé, ó ní "ti òrùlé nìyí o". Gbogbo ọ̀sẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ rò ó wò.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ kàn wá. Orúkọ mẹ́tàlélógún ló wà nínú ìwé ìlérí, mẹ́jọ péré ló san tán. Àwọn mẹ́rin san díẹ̀, a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn tó kù, a ò ní dárúkọ yín síbí, a kì í fi ìka ẹni ro ẹni lójú ní gbangba, ṣùgbọ́n ẹ mọ ara yín. Ẹnì kan gba máìkì níbi ìpàdé ọdún, ó ní gbogbo páànù ọ̀tún lọ́wọ́ òun ló wà, a pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ ń ta wá, onílù kì í mẹ́sàn-án mẹ́wàá, ó ná onílù lówó lọ́jọ́ yẹn o, owó onílù yẹn gan-an ì bá ra páànù díẹ̀. A pè é, fóònù ń dún. A fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ó kà á. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Kánádà, a ń rí fọ́tò yín, bẹ́líìtì dúdú lórí ilẹ̀ tó ń dán, orí wa ń wú, a máa ń fi han àwọn ọmọ pé ẹ wò ó, òṣìṣẹ́ ńlá nìyẹn, abẹ́ igi máńgòrò yìí náà lòun ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ wá ń bi wá pé, ṣé bọ̀dá yẹn máa bá wa kọ́ ilé wa? Ẹ wá fún wa lésì tí a máa fún wọn.

Ọmọ ìlú aró ni wá, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa kọ́ wa bí funfun ṣe ń di dúdú. Àwọn ìyá wa ò ri aṣọ bọ ìkòkò aró lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n ní ó ti tó, wọ́n á rì í, wọ́n á sá a, wọ́n á tún rì í, títí á fi dú minimini. Ẹni tó bá dáwó lẹ́ẹ̀kan ní 2021 tó wá ń sọ pé òun ti ṣe tòun, aṣọ ẹ̀ ṣì wà ní búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ o.

Ẹ gbà mí láyè kí n fèsì sí ohun tí àwọn kan ń sọ lábẹ́lẹ̀, torí a gbọ́. Wọ́n ní owó tí a kọ́kọ́ dá dà. Owó náà nìyẹn nílẹ̀ ní Òkè-Baálẹ̀, ó ga dé líńtẹ̀lì! Owó ilẹ̀ lọ nínú ẹ̀, owó ọmọ onílẹ̀ lọ nínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ mọ bí ìyẹn ṣe máa ń rí, ìpìlẹ̀ jẹ símẹ́ǹtì ju bí a ṣe rò lọ torí ilẹ̀ ibẹ̀ ń fa omi. Kápẹ́ńtà tó gba owó igi tó lọ, àwa ìgbìmọ̀ ni a lé e, a ti gba díẹ̀ padà, èyí tó kù ṣì wà lọ́rùn ẹ̀, a ò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni, a sọ ọ́ nípàdé. Ẹ̀yin tí ẹ ò wá sípàdé lẹ ò gbọ́. Mọ́tò tí alága ń wà, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló fi ránṣẹ́ sí i, a rí ìwé ẹ̀. Ìwé owó wà lọ́dọ̀ akápò, rìsíìtì kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀ títí kan ti ìṣó, ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò kó wá, a máa gbé àga fún un. Ohun tí a ò fẹ́ mọ́ ni kí èèyàn máa fi ìbéèrè yẹn ṣe ibi ìsápamọ́ sí. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, àpò símẹ́ǹtì kan ò tíì wọ ₦5,000. Ẹ bèèrè iye tó jẹ́ ní Gáràjì Àtijọ́ lónìí. Ojoojúmọ́ tí a ń fi falẹ̀ ló ń sọ owó tí ẹ ti dá di kékeré.

Ó tún wá ku ìkan tí kò jẹ́ n sùn. Ẹgbẹ́ kàrátè ìlú kan wà, kò tó wákàtí kan sí wa, ẹ mọ̀ wọ́n. Ẹ̀yìn wa ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, àwa la lọ bá wọn ṣe ìdánwò bẹ́líìtì wọn àkọ́kọ́. Wọ́n ti kan páànù, wọ́n ti tẹ́ tatami, ẹní ìjà, sólà ń tan iná fún wọn títí di alẹ́. Wọ́n pè wá síbi ìṣílé, a lọ, wọ́n ṣe wá lálejò dáadáa, alága wọn wá gbá mi léjìká jẹ́jẹ́, ó ní, "Akọ̀wé, tiyín ńkọ́?" Ẹnu mi wọlẹ̀. Òṣogbo! Ìlú tí ogun ti ṣẹ́ ní 1840, olú-ìlú ìpínlẹ̀ láti 1991, ìlú tí èèyàn ń wọ ọkọ̀ òfurufú láti òkè òkun wá wo Igbó Ọ̀ṣun ẹ̀ tí UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, àwa ọmọ yèyé Ọ̀ṣun la wá ń jẹ ìrẹsì ìṣílé lọ́wọ́ ẹni tí a kọ́.

Ẹ jẹ́ n rán wa létí pé Shotokan tí a ń jẹ́ yìí, irú kàrátè tí àwa ń ṣe, orúkọ ilé ni. Bàbá Gichin Funakoshi ti lé lọ́mọ àádọ́ta ọdún nígbà tó gbé kàrátè kúrò ní Okinawa wá sí Tokyo ní 1922, kò nílé tirẹ̀, yàrá tí wọ́n yá a ló ti ń kọ́ àwọn èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ ẹ̀ àtàwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ ló dáwó jọ káàkiri Jàpáànì tí wọ́n fi kọ́ ilé fún un kí ọdún 1940 tó dé. Shoto lorúkọ tó fi ń kọ ewì, "kan" ni wọ́n ń pe ilé ní èdè Jàpáànì, wọ́n kọ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Bọ́ǹbù wó ilé yẹn ní 1945 nígbà ogun, àmọ́ orúkọ ẹ̀ la kọ sí àyà aṣọ wa ní Òṣogbo níbí. Owó ìdájọ ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé eré àwọn ará ibòmíràn ni, ní Òlíḿpíìkì Tokyo tí wọ́n ṣe ní 2021, ọmọ Áfíríkà bíi tiwa, Feryal Abdelaziz ará Íjíbítì, ló gba góòlù kumite àwọn obìnrin tó sanra ju kílò mọ́kànlélọ́gọ́ta lọ.

Bí a ṣe máa san án nìyí: ₦25,000 fún ọmọ ẹgbẹ́ tó wà nílé, £50 fún ẹni tó wà lókè òkun, ₦5,000 fún akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Ẹ lè pín in sí méjì. Àkáùntì ẹgbẹ́ ni, nọ́ńbà ẹ̀ wà lókè gúrúùpù wa. Ẹ kọ orúkọ àti àdúgbò yín sí i. Ẹ má san án sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, títí kan èmi. Kó wọlé kí oṣù Keje tó parí.

Òrùlé la fẹ́ kọ́kọ́ ṣe. Lẹ́yìn ẹ̀ ló kan tatami, mítà kan sí mítà kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọgọ́rùn-ún la nílò kí pápá tó pé pẹ̀lú àyè tó yí i ká. Ẹni tí agbára ẹ̀ bá gbé e, ra ẹyọ kan, a máa kọ orúkọ ẹ sí ẹ̀yìn ẹ̀, gbogbo ìgbà tí ọmọ kan bá tẹ ibẹ̀, orí ilẹ̀ tìrẹ ló dúró sí. Ẹni tí ò bá lówó báyìí, ẹ̀gbọ́n mi, àbúrò mi, ẹ má sá fún wa. Ẹ pè wá, ẹ ní "akọ̀wé, kò sí lọ́wọ́, oṣù tó ń bọ̀ ni", ìyẹn náà tó, a máa gbàdúrà fún yín. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló ń dùn wá ju gbèsè lọ. Owó aṣọ ẹbí kan ṣoṣo ni a ń bẹ̀ yín fún o, ẹ̀yin èèyàn mi, aṣọ tí ẹ máa wọ̀ lẹ́ẹ̀kan tí ẹ máa gbé sísàlẹ̀ àpótí.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, agogo méje àárọ̀, gbogbo ẹni tó wà nílé máa pàdé ní Òkè-Baálẹ̀ láti ṣán igbó, torí kápẹ́ńtà tuntun ń bọ̀ wá wọn igi ní agogo mẹ́wàá. Ẹ mú àdá àti ọkọ́ dání. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ wọ aṣọ kàrátè wá, a ò rówó ra òmíràn.

Èmi akọ̀wé yín, lórúkọ alága àti gbogbo ìgbìmọ̀.