Ẹ ṣílẹ̀kùn ilé ìkàwé fún àwa àgbà náà

Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí tó àwọn gómìnà wa létí: kí wọ́n máa ṣí ilé ìkàwé ìjọba nírọ̀lẹ́, kí wọ́n máa kọ́ àwa àgbà níbẹ̀ bí a ṣe ń lo fóònù àti kọ̀ǹpútà.

Àjọ PTAD, tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì àwa àgbààgbà tó sin ìjọba àpapọ̀, ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní "I Am Alive". Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì á wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, á gbójú sí fóònù, kí ìjọba lè mọ̀ pé kò tíì kú. Mo fara mọ́ ọn. Ó sàn ju ká máa wọkọ̀ lọ tò nínú oòrùn lọ. Àmọ́ ta ló kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń lò ó?

Ẹ dúró díẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ oníkọ̀ǹpútà àdúgbò. Bàbá arúgbó á na fóònù sí ọmọ tí kò mọ̀ rí, á ka NIN rẹ̀ sókè, á tún ka nọ́ńbà tí báńkì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́, èyí tí báńkì gan-an ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù á gbọ́. Ọmọ náà lè jẹ́ ọmọlúàbí o. Ó sì lè máà jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìjọba ní ilé ìkàwé n'Ìbàdàn, l'Ábẹ́òkúta, l'Ákùúrẹ́. Àwọn ọmọ tó ń múra JAMB ló sábà máa ń kún irú ibẹ̀, a ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n télọ̀ àti ìyá aláta ńkọ́? Kí wọ́n tó palẹ̀ ọjà mọ́, ilé ìkàwé ti tì.

Abala 18 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ní kí ìjọba pèsè ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà lọ́fẹ̀ẹ́ fún àgbà bí agbára bá ṣe ká a. Lóde òní, ẹni tí kò lè dá fowó ránṣẹ́ lórí fóònù, ṣé a lè ní ó ti mọ̀ ọ́n kà tán?

Ìrọ̀lẹ́ méjì lọ́sẹ̀ tó fún ẹ̀kọ́ náà. Kó jẹ́ lédè Yorùbá, kí wọ́n má gba kọ́bọ̀. Àwọn àgùnbánirọ̀ tó kàwé kọ̀ǹpútà lè fi ṣe iṣẹ́ ìlú tí wọ́n ń pè ní CDS. Kí wọ́n fi sólà sí i, nítorí kọ̀ǹpútà tí kò ríná lò, aṣọ ni wọ́n máa fi bò ó. Bí a ṣe ń dá àtẹ̀jíṣẹ́ gbájúẹ̀ mọ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa, kí ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù àti ímeèlì tó tẹ̀ lé e.

Èmi ni,
Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì kan,
Ìbàdàn.