Lẹ́tà sí ìyá mi, elélùbọ́ Sabon Gari ní Zaria

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ọjà o. Ẹ pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, lẹ́yìn àdúrà ìdájí yín, n kò gbé e. Àbúrò mi ní ẹ sọ pé Àbújá ti ń gùn mí. Rárá o. Aago márùn-ún ààbọ̀ ni, iná ti lọ láti aago méjì òru, bátìrì kọ̀ǹpútà mi ti fẹ́ kú, fóònù tí ẹ sì ń pè yẹn gan-an ni mo fi ń fa íntánẹ́ẹ̀tì. Bí mo bá gbé ìpè yín, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á já. Yunifásítì tí mò ń kọ̀wé sí ní Amẹ́ríkà ní aago méjìlá òru ku ìṣẹ́jú kan làwọn máa ti ilẹ̀kùn. Òru tiwọn nìyẹn o, ìdájí tiwa ni, torí wákàtí mẹ́fà la fi ṣáájú wọn ní oṣù Kejìlá. Aago mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú ni fọ́ọ̀mù náà tó wọlé. Mo sùn lórí àga, mo sì pẹ́ dé ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣe tíṣà.

Nígbà tí mo wọ ọkọ̀ ojú irin láti Kubwa dé Rigasa ní Kaduna, tí mo fi wá kí yín lọ́dún Àjíǹde, ẹ bi mí pé ìwé wo ló tún kù tí n kò tíì kà. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi dá yín lóhùn, bí ẹni tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tètè tán. Ẹ ò sọ nǹkan kan. Ẹ kàn ń jọ èlùbọ́ yín lọ. Ìtìjú ìdáhùn yẹn ò kúrò lára mi títí mo fi padà dé Kubwa, ìdí kan nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí ní Yorùbá. Ẹ ó kà á fúnra yín bí ẹ ṣe ń ka Bíbélì, bí gíláàsì yín ò bá tíì tún sọnù.

Oyè ọ̀mọ̀wé ni mò ń wá, nínú lítíréṣọ̀ ìfiwéra àti àṣà. Ẹni tó bá ń ṣe é kì í jókòó sínú èdè kan ṣoṣo. Á gbé ìtàn àwọn èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàn àwọn tọ̀hún, á wo ibi tí wọ́n ti jọra, á sì wo ibi tí wọ́n ti pínyà. Ẹ̀yin àti Ìyá Hadiza onífúrà ti ṣe é lójú wa. Bí wọ́n bá ti mú iná lọ, tí a tẹ́ ẹní sí ojúde, òun á ní, "Ga ta, ga ta nan!" Àwa á ní, "Ta zo, mu ji!" Gizo aláǹtakùn àti Koki ìyàwó rẹ̀ ni tirẹ̀. Bó bá ti sọ "Kungurus kan kusu" tó fi parí, ẹ̀yin á gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Ààlọ́ o!" Ó di Ìjàpá àti Yánníbo.

Mo lè tó ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí mo fi ọgbọ́n àgbàlagbà sọ pé ẹnì kan náà làwọn méjèèjì, pé orúkọ tí Hausa ń pe Ìjàpá ni Gizo. Ẹ pòṣé sí mi. Ẹ ní, "Ọ̀tọ̀ ni Ìjàpá. Ìjàpá já bọ́ láti òkè, ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́, wọ́n tò ó pọ̀, àpá náà ò sì parẹ́ títí dòní. Ibi tó bá dé, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Gizo ńkọ́? Àjà ló ń sá sí. O gbá a dànù láàárọ̀, ó tún takùn lálẹ́. Wá àpá lára rẹ̀, o ò ní rí." Ìyá Hadiza rẹ́rìn-ín títí tó fi da fúrà nù.

Màmá, ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú ìwé tí mo fi ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà.

Wọ́n máa ń ní kéèyàn kọ nǹkan bí ojú ewé méjì, kó sọ ohun tó fẹ́ ṣe ìwádìí lé lórí. Orúkọ òyìnbó ló kúnnú èyí tí mo kọ́kọ́ kọ. Olùkọ́ mi àtijọ́, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó bá mi kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí, fi bírò pupa fa gbogbo rẹ̀ pátá, ó ṣẹ́ gbólóhùn kan kù, ó wá bi mí pé inú ìwé ta ni mo ti rí i. Mo ní ẹnu ìyá mi ni. Ó ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo kọ ọ́, ṣùgbọ́n n kò bi yín. Ẹ máà bínú.

Ìdí tó fi wúlò rèé. Aláǹtakùn ni ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ àwọn Hausa. Aláǹtakùn náà ni ti àwọn Ashanti ní Ghana, Ananse ni wọ́n ń pè é. Àwa tí a wà láàárín, ìjàpá la dì mú, bẹ́ẹ̀ náà làwọn Igbo. Báwo ni aláǹtakùn ṣe fo orí wa kọjá? Ẹ̀yin oníṣòwò lẹ máa kọ́kọ́ rò ó pé àwọn Hausa kan ń rìn lọ ra obì ní Gonja àti ilẹ̀ Ashanti fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bóyá ìtàn bá obì rìn, bóyá kò bá a rìn. Àpá ẹ̀yìn Ìjàpá tí ẹ sọ yẹn ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ní tèmi.

Wọ́n tún gba iṣẹ́ olójú ewé ogún lọ́wọ́ mi. Ìwé méjì ni mo fi wéra: Ruwan Bagaja tí Abubakar Imam kọ, tó jáde láti inú ìdíje tí ọ́fíìsì ìtumọ̀ ìjọba òyìnbó ní Zaria tiwa níbẹ̀ ṣe ní 1933, àti Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti Fágúnwà, tí wọ́n tẹ̀ ní 1938. Tíṣà làwọn méjèèjì (mo fẹ́ràn ìyẹn), ìrìn àjò sì ni ìtàn wọn méjèèjì.

Èdè mẹ́ta, ó kéré tán, ni wọ́n sábà máa ń béèrè. Hausa tí mo fi ń bá yín pe oníbàárà wọlé wá di ohun tí mo fi máákì sínú fọ́ọ̀mù. Mo ní màá kọ́ Àjámí kún un, ìyẹn Hausa tí wọ́n ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ, irú èyí tí Bàbá Hadiza fi ń kọ gbèsè sínú ìwé rẹ̀. Ẹ mú 1,000 náírà kan létí ìró yín, ẹ wo kíkọ tó dà bíi Lárúbáwá lára rẹ̀. Hausa ni, iye owó náà ló ń sọ.

Owó ńkọ́? Ní irú ilé ẹ̀kọ́ tí mo kọ̀wé sí, àwọn ló ń sanwó fún akẹ́kọ̀ọ́, òun náà á máa bá wọn kọ́ àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà ni. Owó fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń gbà ní dọ́là ló jẹ àjọ mi. Mẹ́rin ni mo kọ, méjì gbà kí n má san kọ́bọ̀ nígbà tí mo kọ̀wé bẹ̀ wọ́n. Ibi tí mo ti kàwé fi oṣù mẹ́rin wá èsì ìdánwò mi. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkọ náà, mo ti gbọ́, ó di lẹ́tà mìíràn.

Bí wọ́n bá máa pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ó lè jẹ́ ní oṣù Kìíní tàbí Kejì. Nǹkan kan ló ń dà mí láàmú. Nínú ìtàn tí Gizo sá sí àjà, ṣé Koki ló tú u fó, àbí òun ló bò ó láṣìírí? Ẹ bá mi bi Ìyá Hadiza, kí ẹ sì jẹ́ kó sọ ọ́ ní Hausa, ẹ gbé fóònù sún mọ́ ọn lẹ́nu. Lọ́tẹ̀ yìí, màá gbé e.

Àpò èlùbọ́ tí ẹ fi rán awakọ̀ ti dé, omi ò kàn án.

Èmi Àbẹ̀kẹ́ yín,
Kubwa, Àbújá