Sí ẹ̀yin ọ̀dọ́ olùkọ́: ta ni wọn óò pè?

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ kan dákú sínú yàrá olùkọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kò tíì pé ẹni ọdún 50, ojú mi ló ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣí fóònù rẹ̀ pé kí wọ́n pe ará ilé rẹ̀, ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ni "Màmá Ìbejì Lẹ́sìn", "Akọ̀wé Kọ́ọ̀pù", "Dádì SS3": orúkọ iṣẹ́ àti ti lẹ́sìn, ìyẹn ẹ̀kọ́ àfikún tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, nìkan. Ìyàwó rẹ̀ ti kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti oṣù Kẹta, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ nínú wa. Ara rẹ̀ ti ń mókun, a dúpẹ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ fóònù yẹn kò jẹ́ kí n sùn.

Ẹ̀yin ńkọ́, ta ni wọn óò pè?

Mo mọ̀ pé bùkátà pọ̀. Kọ́ọ̀pù, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó ń yá wa lówó, á ti yọ tiwọn kí owó oṣù tó dọ́wọ́ yín, ìdánwò ìgbéga tún ń bọ̀. Nígbà tiwa, iná àtùpà la fi ń máàkì. Ọ̀rẹ́ mi kan á gbé abọ́ àmàlà wá, á gba ìdajì ìwé náà lọ́wọ́ mi, á ní, "Tíṣà, jẹun ná." Bẹ́ẹ̀ la ó ṣe máa máàkì títí òru á fi jìn. Òun náà ló bá ọkọ mi jókòó lọ́jọ́ tí ìjà wa le.

Ẹ̀yin ní bí ìgbéga bá dé, ẹ óò ráyè. Àyè wo? Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2022 ní kí olùkọ́ ṣiṣẹ́ títí di ẹni ọdún 65, tàbí kó lo 40 ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Ṣé ìgbà náà ni ẹ tó fẹ́ mọ ẹni tí ẹ fẹ́?

Ẹ sọ gbèsè kọ́ọ̀pù fún ẹni tí ẹ jọ ń sùn. Ẹ yọwọ́ lẹ́sìn kúrò nínú Sátidé. Ọ̀rẹ́ tí ẹ jọ ka NCE, ẹ pè é. Mi ò sọ pé kí ẹ fi àwòrán òdòdó ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ìpè ni mo wí! Ta ni wọn óò pè bí ẹ̀yin ò bá pe ẹnì kankan?

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé náà, ẹ yé pe ìpàdé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jimọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ sílé.

Èmi ni ìyá yín, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì.